Kámẹ́rà àpò ni kí n rà, àbí èyí tí a ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Houston. Ọmọ méjì ni mo bí. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ní oṣù Kejìlá a ó lọ sí Ìbàdàn láti ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún màmá mi, mo sì fẹ́ kámẹ́rà tó dára ju fóònù mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n ra mirrorless kékeré bíi Canon R50. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má da ara mi láàmú, kí n ra èyí tó ń wọ àpò, bíi Canon G7 X Mark III. Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni mo yà sọ́tọ̀. Mo ti ní Canon Rebel T6 kan láti 2017 pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó bá a wá nínú páálí, ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé. N kò rò pé mo lò ó ju ìgbà mẹ́rin lọ. Èwo ni kí n rà nínú méjèèjì? Ṣé kí n sì ta ti àtijọ́ yìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òru o, ẹ sì kú ìmúra ọjọ́ ìbí Màmá. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló kọ́kọ́ dá mi dúró, nítorí ó dà bíi pé ibẹ̀ ni ìdáhùn yín fara pamọ́ sí. Màá padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó ya kámẹ́rà méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nípa wọn kì í sí lára páálí tí wọ́n fi ń polówó wọn.

Kámẹ́rà àpò ni èyí tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣe é yọ. Bí ẹ bá tàn án, lẹ́ǹsì á nà jáde. Bí ẹ bá pa á, á fà wọlé bí orí ahun, ẹ ó sì sọ ọ́ sínú báàgì. Mirrorless ní tirẹ̀ jẹ́ àbúrò T6 yín. Nínú T6, dígí kan wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì tó ń darí àwòrán lọ sí ihò tí ẹ ń yọjú wò. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Panasonic gbé Lumix G1 jáde, wọ́n yọ dígí náà kúrò pátápátá, wọ́n sì fi ojú kékeré oníná rọ́pò rẹ̀, ni ara kámẹ́rà bá fúyẹ́. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe é yọ, ó sì ṣe é pààrọ̀. Ìyàtọ̀ gidi tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju pípààrọ̀ lẹ́ǹsì yìí lọ, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi yóò dá lé.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kámẹ́rà àpò olówó pọ́ọ́kú fún yín. Ní 2010, àwọn ilé iṣẹ́ kámẹ́rà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti Japan, kó kámẹ́rà aláìlo fíìmù tó lé ní mílíọ̀nù 120 jáde, irú kékeré wọ̀nyẹn ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tó fi di 2020, gbogbo kámẹ́rà tí wọ́n kó jáde lódindi ọdún kò tó mílíọ̀nù 10 mọ́. Fóònù ló gba ọjà lọ́wọ́ wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn pátákó tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé lórí tó fi ń di àwòrán, kò ju mìlímítà 6.17 sí 4.55 lọ nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn. Ti fóònù olówó gọbọi òde òní tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, fóònù sì tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: ó ń ya fọ́tò mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, á sì pò wọ́n pọ̀ kí ó tó gbé ẹyọ kan fún yín. Ẹni tó bá ra irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lónìí ti fi owó rẹ̀ ra ohun tí kò tó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kámẹ́rà àpò tó yẹ ní rírà bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọ́n ń pè ní oní-íńṣì-kan. (Kò sí íńṣì kankan níbẹ̀ o. Mìlímítà 13.2 sí 8.8 ni sẹ́ńsọ̀ náà. Orúkọ yẹn ṣẹ́ kù láti ayé àwọn ọ̀pá gíláàsì inú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tí wọ́n ń fi ìbú ìta wọn pè.) Sony RX100, tó jáde ní 2012, ló sọ irú wọn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, G7 X Mark III tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ sì wà lára ìran náà, 2019 ni òun jáde. Sẹ́ńsọ̀ R50 jẹ́ mìlímítà 22.3 sí 14.9. Bí ẹ bá fi wọ́n lé ara wọn, ti R50 fẹ̀ tó ti kékeré yẹn lọ́nà mẹ́ta dín díẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín rí nìyẹn tó fi ní kí ẹ ra R50, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí kámẹ́rà ń parí ọ̀rọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí a ṣe ń gbé nǹkan sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ nígbà òjò. Òótọ́ ni pé ohun tó bá fẹ̀ lẹ́nu ń gba omi púpọ̀, síbẹ̀, ọpọ́n ńlá tí a gbé síbi tí omi ti ń kán tó-tó kò ní í kún tó garawa tí a gbé sábẹ́ ibi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti ń ya lulẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni ọpọ́n, lẹ́ǹsì ni ọ̀ṣọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ mọ́ lẹ́tà f lára lẹ́ǹsì ló ń sọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe lè là tó, bí nọ́ńbà náà bá sì ṣe kéré tó ni ẹnu ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́ǹsì G7 X Mark III jẹ́ f/1.8 nígbà tó bá ń wo ibi gbogbo, f/2.8 nígbà tó bá fa nǹkan mọ́ra tán. Lẹ́ǹsì 18-45 tí wọ́n ń fi sínú páálí R50 jẹ́ f/4.5 níbẹ̀rẹ̀, f/6.3 lópin. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Lórí àyè tó dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ tí f/1.8 ń jẹ́ kó wọlé jẹ́ ìlọ́po 6 àti díẹ̀ èyí tí f/4.5 ń jẹ́ kó wọlé. Ẹ wá fi bí sẹ́ńsọ̀ R50 ṣe fẹ̀ ju ti ìkejì lọ pín in, ẹ ó rí i pé kámẹ́rà àpò yìí ṣì ń kó ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po méjì ti mirrorless náà. Ó tún ń wo ibi tó gbòòrò jù ú lọ, ó sì ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra jù ú lọ: láti 24 dé 100 ni tirẹ̀ ní ìwọ̀n tí a fi ń fi lẹ́ǹsì wéra, nígbà tí ti lẹ́ǹsì inú páálí jẹ́ láti bíi 29 dé 72. Gbogbo èyí, nínú ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 304. R50 àti lẹ́ǹsì yẹn jẹ́ gíráàmù 505 pa pọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ lọ́kàn yín pé lẹ́ǹsì inú páálí yẹn náà ni yóò wà lẹ́nu kámẹ́rà títí ayé, ẹ má ra mirrorless. Ọ̀rẹ́ yín ló jàre.

Ẹ wá yọ lẹ́ǹsì yẹn, kí ẹ fi RF 50mm f/1.8 rọ́pò rẹ̀. Lẹ́ǹsì kékeré ni, gíráàmù 160, tí Canon gbé jáde ní 2020 ní dọ́là 199.99. Ọ̀rọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀nà tí lẹ́ǹsì yìí ń gbà wo nǹkan lórí R50, ìyẹn bíi 80 nínú ìwọ̀n tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìmọ́lẹ̀ tó ń kó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 7 èyí tí kámẹ́rà àpò yẹn lè kó bí òun náà bá fa nǹkan mọ́ra dé ibẹ̀. Ìlọ́po 7 kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹ̀rọ wá kí a tó rí i. Òun ló ń mú kí ojú Màmá hàn kedere nínú yàrá tí iná ti ń ṣe ségesège, tí ògiri ẹ̀yìn wọn yóò sì rọ̀ bí òwú, débi pé ẹni tó bá wo fọ́tò náà kò ní í rí ohun mìíràn ju ojú wọn lọ. Kámẹ́rà àpò oní-íńṣì-kan kò lè ṣe èyí, bí ẹ bá tilẹ̀ fi gbogbo ọgbọ́n yín lò ó. Fóònù ń dọ́gbọ́n ṣe bí ẹni ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wo etí gèlè nínú fọ́tò fóònù dáadáa. Ó sábà máa ń gé e jẹ.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Kò ní súùmù rárá, ẹsẹ̀ yín ni súùmù. Nínú pálọ̀ kékeré, orí àti àyà ẹnì kan ló máa gbà. Bí gbogbo ẹbí bá tò, ẹ ó fi ẹ̀yìn lé ògiri tán kò ní í gbà wọ́n, ìgbà yẹn ni ẹ ó dá lẹ́ǹsì inú páálí padà sẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ lẹ́ǹsì inú páálí ni ojú ọ̀sán àti èrò púpọ̀; iṣẹ́ 50mm ni ojú ènìyàn àti òkùnkùn. Ẹni tí yóò máa pààrọ̀ wọn ló ń jẹ èrè mirrorless.

Ní ti àwọn ọmọ, ibi kan wà tí kámẹ́rà ọ̀rẹ́ yín ti kùnà, kò sì sí bí mo ṣe lè fi bò yín. G7 X Mark III ń wá ojú nǹkan nípa lílọ síwájú àti bíbọ̀ sẹ́yìn títí yóò fi rí ibi tó ti mú jù. Fún ẹni tó jókòó, kò sí wàhálà. Ọmọ ọdún méjì tó ń sáré bọ̀ wá bá yín ti dé orí ẹsẹ̀ yín kí ó tó pinnu. R50 ń di ojú ènìyàn mú, á sì máa tẹ̀ lé e bó ti ń lọ bó ti ń bọ̀. Èyí ni mo rò pé ó dára jù lára rẹ̀, ju sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ lọ pàápàá. Nínú àwọn kámẹ́rà àpò, Sony RX100 VII, tí òun náà jáde ní 2019, ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó sì ní ojú kékeré tí ẹ lè yọjú wò, èyí tí G7 X kò ní, tí ẹ ó sì rántí rẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán ní Ìbàdàn nígbà tí oòrùn kò bá jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan lójú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí dọ́là 1,200 ni wọ́n fi gbé e jáde, f/2.8 sí f/4.5 sì ni lẹ́ǹsì rẹ̀, nítorí náà àǹfààní ìmọ́lẹ̀ tí mo ṣírò lókè yẹn ti tán lọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan lè dárúkọ Ricoh GR III fún yín. Èmi fúnra mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: sẹ́ńsọ̀ tó tóbi bíi ti mirrorless nínú gíráàmù 257! Àmọ́ kò ní súùmù, kò ní fíláàṣì, 28 nìkan ló sì ń wò. Ẹni tó ń rìn kiri ìgboro ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ méjì.

Bátìrì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ti G7 X kò ju nǹkan bíi fọ́tò 235 lọ nínú ìdánwò àwọn tó ṣe é, ti R50 sì sàn jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ ra bátìrì kejì kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Eruku ló yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí oṣù Kejìlá tí ẹ ń lọ yìí, ọyẹ́ ni ẹ ó bá nílé. Kámẹ́rà àpò tó ń na ọrùn jáde tó sì ń fà á wọlé ń mí ni, gbogbo ìgbà tó bá sì mí ló ń fa atẹ́gùn sínú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé ọ̀kan lọ sí ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù Kìíní. Ọjọ́ méjì péré ni mo lò níbẹ̀. Nígbà tí mo padà délé, àmì dúdú kan bí ojú kókóró jókòó sójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà ní ìta, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n tú u palẹ̀, iye tí ẹni tó máa tú u sì dá lé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi rà á. Eruku ń wọ mirrorless náà, bóyá ó tilẹ̀ ń wọ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá ń ṣí i ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹ lè yọ lẹ́ǹsì kí ẹ sì fi pọ́ńpù rọ́bà kékeré fẹ́ eruku náà dànù láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà má pààrọ̀ lẹ́ǹsì ní ìta nígbà ọyẹ́. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ tàbí inú yàrá ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ kọ ojú kámẹ́rà sílẹ̀. Bí ẹ bá wá ra kámẹ́rà àpò, ẹ fi í sínú ọ̀rá oníṣíìpù nígbà tí ẹ kò bá lò ó, kí ẹ má sì máa tàn án kí ẹ máa pa á lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òde náà fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ẹ ó ti háyà fótógíráfà fún ọjọ́ náà, ẹni tí yóò gbé kámẹ́rà ńlá àti fíláàṣì ńlá wá, tí yóò ya Màmá nídìí kéèkì àti gbogbo ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bá a du iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí òun kò ní í rí ni tiyín: àárọ̀ kùtùkùtù tí wọ́n ń wé gèlè fún Màmá létí fèrèsé, àwọn tó ń ro àmàlà lẹ́yìnkùlé, ọmọ yín àgbà tó sùn sórí ìjókòó méjì nígbà tí àwọn onílù wọlé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kéré ni gbogbo rẹ̀, ibi tí fíláàṣì sì máa ba nǹkan jẹ́ ni. Nínú gbọ̀ngàn, bí Màmá bá ń jó tí wọ́n sì ń lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí, ẹ nílò kí kámẹ́rà ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan láàárín 1/160 ìṣẹ́jú àáyá, kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọwọ́ àwọn tó ń náwó má baà di kùrukùru. Ohun tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù nínú lẹ́ǹsì kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, torí ọwọ́ yín kọ́ ló ń gbọ̀n, Màmá ló ń jó. Ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ di púpọ̀ tó, gòkè dé 3200 láìbẹ̀rù. Fọ́tò tó ní hóró-hóró bí iyanrìn díẹ̀ ṣì jẹ́ fọ́tò, èyí tó bá lọ́ kò ṣe é tún ṣe.

Ohun kan tún wà tí kámẹ́rà méjèèjì ń ṣì ṣe bákan náà. Wọ́n ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ohun tó wà níwájú wọn kò funfun kò dúdú. Bí gbogbo ẹbí bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, léèsì á di aláwọ̀ eérú, ojú àwa adúláwọ̀ á sì ṣókùnkùn bí ẹni dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àmì ìròpọ̀ àti àyọkúrò kan wà lára kámẹ́rà méjèèjì fún èyí. Ẹ tì í sí +2/3 tàbí +1 kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ wo fọ́tò àkọ́kọ́, ojú ènìyàn ni kí ẹ sì wò, kì í ṣe aṣọ. Ọ̀pọ̀ fọ́tò òde tí àwọn ènìyàn ń sọ pé kámẹ́rà ló bà á jẹ́, àmì kékeré yìí ni wọn kò fọwọ́ kàn.

Ẹni tó bá ra mirrorless ti fẹ́ ìyàwó tó ní ẹbí púpọ̀. Kì í ṣe kámẹ́rà nìkan ni ẹ gbé wálé, gbogbo lẹ́ǹsì tó lè jókòó sẹ́nu rẹ̀ ti di àna yín. Ẹbí Sony pọ̀, ẹnikẹ́ni ló sì ń ṣe lẹ́ǹsì fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Canon ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó di 2024 kí Sigma àti Tamron tó kéde lẹ́ǹsì fún irú R50 yìí. Bó bá jẹ́ pé ẹ kò ní nǹkan kan nílé tẹ́lẹ̀, ǹ bá ní kí ẹ wo Sony náà dáadáa kí ẹ tó pinnu. Ṣùgbọ́n ẹ ní T6, lẹ́ǹsì T6 sì lè jókòó sórí R50 bí ẹ bá ra òrùka ìsopọ̀ tí Canon ń pè ní EF-EOS R, tí wọ́n gbé jáde ní 2018 ní nǹkan bí dọ́là 100. Èyí ló gbé mi padà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìdí wo ni T6 fi ń sùn síbẹ̀? Ìdí méjì ló lè wà, oògùn wọn sì yàtọ̀ síra. Ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ ni: òun àti lẹ́ǹsì rẹ̀ sún mọ́ gíráàmù 700, ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ kò sì ní agbára irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé fọ́tò rẹ̀ ni kò wú yín lórí. Ẹ gbé e dé ọjọ́ ìbí ọmọ nínú ilé, lẹ́ǹsì inú páálí rẹ̀ kò rí ìmọ́lẹ̀ tó, fọ́tò lọ́ tàbí kí fíláàṣì sọ ojú àwọn ọmọ di funfun, ẹ rí i pé fóònù ṣe é dáadáa jù, ẹ sì dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Èmi fura sí èkejì yìí. Bí ó bá jẹ́ òun ni, R50 pẹ̀lú lẹ́ǹsì inú páálí yóò lọ bá T6 nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní oṣù Kejì, nítorí ohun tó lé T6 lọ síbẹ̀ náà ló wà lẹ́nu tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má tíì ra ọ̀kan kan nínú àwọn méjèèjì. Ẹ lọ ra EF 50mm f/1.8 STM fún T6 yín. Ní 2015 tí wọ́n gbé e jáde, dọ́là 125 ni. Tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ó sì wọ́n kéré sí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sójú iná kí ẹ tó sanwó, kí ẹ yẹ inú gíláàsì rẹ̀ wò bóyá ohun kan tó dà bí okùn aláǹtakùn ti hù síbẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn. Lẹ́ǹsì yìí fúyẹ́ ju èyí tó wà lẹ́nu T6 lọ, níbi tí àwọn méjèèjì sì ti jọ ń wo 50, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà sún mọ́ ìlọ́po 10 ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ó rò pé kámẹ́rà mìíràn ni. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì máa sàmì sí kàlẹ́ńdà ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá gbé e jáde kúrò nílé. Ẹ má ka fọ́tò, ọjọ́ ni kí ẹ kà.

Bí àmì náà bá tó mẹ́wàá láàárín ọjọ́ 42 yẹn, mirrorless tọ́ sí yín. Ẹ ra R50 pẹ̀lú lẹ́ǹsì inú páálí, tí wọ́n fi dọ́là 799.99 gbé jáde ní 2023, kí ẹ sì ra RF 50mm lé e. Ní iye ọjọ́ tí wọ́n jáde, ẹgbẹ̀rún kan dọ́là yín ku sẹ́ǹtì méjì lẹ́yìn tí ẹ bá rà wọ́n tán, bí ìjọba Texas kò bá ní í gba owó orí ọjà lọ́wọ́ yín, wọn ó sì gbà á. Iye wọn ti yí padà láti ìgbà náà, torí náà ẹ wo èyí tí Canon fúnra rẹ̀ tún ṣe tó ń tà lórí ìkànnì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà; ẹ̀dínwó máa ń wà lórí wọn. Gíráàmù 535 ni R50 àti 50mm pa pọ̀, ẹ ó sì ti mọ̀ nígbà náà pé ẹ lè gbé e, nítorí ẹ ti ń gbé èyí tó wúwo jù ú lọ kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Bí àmì kò bá tó márùn-ún, tí T6 sì tún ti padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú lẹ́ǹsì tuntun lẹ́nu, ìwọ̀n ló ń lé yín, kò sì sí lẹ́ǹsì tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ ra G7 X Mark III. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ orí TikTok ti mọ̀ ọ́n, ó ti ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ti lé sí i ju dọ́là 749 tí wọ́n fi gbé e jáde. Ẹ má san ju owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ lọ nítorí pé ọjọ́ òde ti ń súnmọ́. Ẹ ó pàdánù àwọn fọ́tò ọmọ kékeré tó ń sáré, ṣùgbọ́n ẹ ó rí gbogbo ìyókù, torí pé yóò wà nínú báàgì yín.

Bí ó bá bọ́ sí àárín márùn-ún àti mẹ́wàá, ẹ tọ́jú owó yín, kí ẹ gbé T6 àti 50mm lọ sí Ìbàdàn bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà náà kò tíì kú.

Ní ti títà rẹ̀, ẹ má tà á. Owó tí ẹ ó rí lórí T6 báyìí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá di kámẹ́rà mú lóde kì í sí nínú fọ́tò. Ẹ mú un dání lọ sílé pẹ̀lú EF 50mm lẹ́nu rẹ̀, èyíkéyìí tí ẹ bá rà. Ẹ wá ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí tó fẹ́ràn fọ́tò, kí ẹ fi í lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ òde, kí ẹ fi +2/3 yẹn hàn án, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀yin àti Màmá ni iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.